Fótò Egungun Ẹ̀yìn Mi

Ìwọ tí ẹ̀yìn ń dùn, tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí sí. Ó sì lè jẹ́ pé dókítà ti dárúkọ tíbì, ìyẹn ikọ́ ẹ̀gbẹ, fún ọ, tí orí rẹ dàrú, tí o kò mọ ẹni tí o máa sọ ọ́ fún nílé. Orúkọ yẹn dẹ́rù ba èmi náà. Ó wọ egungun ẹ̀yìn mi, ó sì fẹ́ gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn náà ni mo fi rìn wọ ilé ìwé láàárọ̀ yìí, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Tísà eré ìdárayá ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìgèdè-Èkìtì. Òkè-Ìlá ní Adó ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú Ìbùkún, ọmọbìnrin wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé kì í dárúkọ mi, Àǹtí Géèmù ni wọ́n ń pè mí, àwọn òbí wọn náà sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ara mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ní kí ọmọ fo nǹkan, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fò ó. Àwọn ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ ní eré ìje, èyí tí wọ́n ti ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn, mo máa ń bá wọn sáré yí pápá ká títí wọn yóò fi máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ìrora yẹn bẹ̀rẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn, ní ibi kan ṣoṣo, bí ẹni pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí níbẹ̀ tí kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Mo rò pé mo ṣi ara gbé nígbà tí a ń kó àga sínú gbọ̀ngàn ni. Mo ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì, mo fi ìpara gbígbóná pa á, ó rọlẹ̀, ó tún padà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń yìn mí pé eré yẹn bá mi lára mu, pé kí n kọ́ àwọn náà bí wọ́n ṣe máa dín ikùn kù. Inú mi dùn sí i. N kò sọ fún wọn pé oúnjẹ kò wù mí jẹ mọ́, àti pé òógùn máa ń rẹ aṣọ tí mo fi ń sùn kí ilẹ̀ tó mọ́, bó ti wù kí òtútù mú tó.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà gan-an ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Mo ń rìn lọ síbi tí àwọn ọmọ tò sí, ni ọ̀kan nínú wọn bá pè mí pé, "Àǹtí, bàtà yín ti bọ́ sẹ́yìn." Mo wo ilẹ̀, òótọ́ ni. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, mo ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, n kò sì mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ tó ń padà sí Adó, mo fi èékánná ha àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó wá dà bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn.

Láàárín ìgbà díẹ̀ sí i, n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdi nǹkan mú. Àwọn obìnrin ìjọ wa wá gbàdúrà fún mi, títí dòní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi náà gbọ́, ó sì wá láti Ìgbẹmọ pẹ̀lú ìrẹsì tuntun àti ìdì aṣọ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní tètè lọ.

Kí o tó dá ìyá mi lẹ́bi lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, jẹ́ kí o mọ̀ pé ó ní ìdí. Nígbà kan rí, ó ṣubú lóko, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Bàbá kan ní ìlú wọn tó ń to egungun ló tò ó fún un, ó sì jiná dáadáa débi pé ọwọ́ yẹn ló fi ń gún iyán títí di òní. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé mo ń fi ara ti ògiri rìn, bàbá yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Ó ti bá a sọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílé. Bàbá náà ní eegun ẹ̀yìn mi ló yẹ̀, pé bí àwọn ọkùnrin méjì bá di apá àti ẹsẹ̀ mi mú, òun máa fà á, òun máa tẹ̀ ẹ́ padà sí àyè rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé, "Jẹ́ a múra ulé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ mi ti jiná, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ẹ̀yìn rẹ máa ti jiná."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya fótò egungun náà kí a lè mọ ohun tó ṣe é. Ìyá mi bínú. Ó ní gbogbo owó tí mo ti kó fún oníkẹ́míìsì kò mú nǹkan kan wá, pé ilé ìwòsàn á kàn máa sọ fún mi pé òní, ọ̀la, títí n kò fi ní lè dìde mọ́. Ọkọ mi, ìyẹn Bàbá Ìbùkún, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ó pè mí sínú yàrá, ó ní bóyá kí a gbìyànjú ti màmá wò, kí ọkàn wọn lè balẹ̀, lẹ́yìn náà a óò lọ sí ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹni tó bá fẹ́ fa ẹ̀yìn mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn mí. Bí fótò bá ní ó yẹ̀, èmi fúnra mi máa bá màmá lọ."

Ó lọ yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí n múra ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá mi ní òun ń bá wa lọ, kí òun lè fi ojú ara òun rí i.

Ilé ìwòsàn kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ ìlú ibẹ̀ ló dáwó jọ kọ́ ọ, àwọn tó wà lókè òkun sì ra ẹ̀rọ ẹ́síréè sí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú rẹ̀, n kò wọ ibẹ̀ rí. Mo ti máa ń rò pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà àti aboyún lásán ni. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ènìyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ́síréè: bàbá àgbà kan tó ń húkọ́, ọlọ́kadà kan tí apá rẹ̀ so kọ́ ọrùn, ìyá kan tó gbé ọmọ tí wọ́n ní ó gbé owó onírin mì. Iná lọ. A jókòó. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó kú, wọ́n tún tan án. N kò lè jókòó pẹ́, n kò sì lè dúró pẹ́, mo wá lọ fara ti ògiri, ìyá mi sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Ọlọ́kadà yẹn ló ní kí n kọjá ṣáájú òun.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù ló ń ya ẹ́síréè náà. Ó ràn mí lọ́wọ́ gun tábìlì, tábìlì náà tutù bíi yìnyín. Ó ní kí n mí sínú kí n dì í mú, ó lọ sẹ́yìn ògiri rẹ̀, ó padà wá, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Lẹ́yìn tó ya ti ẹ̀gbẹ́ yẹn, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde sí mi. Nígbà tó jáde, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bi mí pé ta ló bá mi wá. Mo ní ọkọ mi àti ìyá mi. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ dá mi dúró, ó pe ẹnì kan pé kó ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá.

Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Èmi ló ń yà á, dókítà ló máa sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ lónìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹ̀yìn yín."

N kò lè gbàgbé bí ojú ìyá mi ṣe rí nígbà tí wọ́n tì mí jáde lórí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Dókítà náà kò dàgbà púpọ̀, Yorùbá ló bá wa sọ nítorí ìyá mi. Ó gbé fótò náà síwájú iná. Ó fi bíírò tọ́ka sí àwọn egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní báyìí ni ó yẹ kí wọ́n tò lérí ara wọn bí búlọ́ọ̀kù. Nígbà tó dé àárín, èmi fúnra mi rí i kó tó sọ ọ́. Nǹkan ti jẹ búlọ́ọ̀kù méjì, wọ́n ti wó síwájú lé ara wọn lórí, òjìji kan sì wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní ọyún ló wú yẹn, òun àti egungun tó wó ló ń tẹ iṣan tó ń ran ẹsẹ̀ mi níṣẹ́.

Ìyá mi bi í pé bí ẹnì kan bá fà á ńkọ́, tó sì tẹ̀ ẹ́ padà.

Dókítà ya ojú kúrò lára fótò, ó kọjú sí ìyá mi. Ó ní, "Màmá, bí wọ́n bá fà á bó ṣe wà yìí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín má rìn mọ́ láyé rẹ̀."

Ìyá mi bọ́ gèlè rẹ̀ kúrò lórí, ó kó o sórí ẹsẹ̀, ó sì ń ká a, ó ń tú u. Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, ó ní, "Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa ọmọ mi." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sọ fún un pé ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá tọ́jú mi kò lè pa mí, pé a ti mọ̀ báyìí, a óò sì ṣe ohun tó yẹ. Ọkọ mi ń wakọ̀, ó ń nu ojú.

Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ó ti sọ fún wa pé tíbì ni òun fura sí. Mo ní báwo, mi ò húkọ́. Ó ní ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ló wà, ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó sínú egungun. Ó kọ̀wé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó. Níbẹ̀, wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tó dà bí ihò, tó ń pariwo bí ẹni ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́tí ẹni. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́ ló ràn wá lọ́wọ́ láti san owó rẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ nínú ọyún náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tíbì ni lóòótọ́. Wọ́n wo ẹ̀dọ̀fóró mi, kò sí níbẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí mo lè kó o ràn.

Bí o bá wà níbi tí mo wà nígbà yẹn, gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ. Ṣùgbọ́n oògùn náà le. Ó máa ń yí ìtọ̀ padà sí pupa, má bẹ̀rù. Ó ń rìn mí lọ́kàn láràárọ̀, ó ń mú kí oríkèé ro mí. Ó tó ọdún kan tí mo fi lò ó. Láàárín ìgbà náà, ara mi ti yá débi pé mo fẹ́ dá a dúró. Ìyá mi ló kọ̀. Òun tó ti sọ pé ilé ìwòsàn á kàn máa fi ọjọ́ dá ọjọ́ ni ó máa ń dúró tì mí láràárọ̀ pẹ̀lú omi àti oògùn, kò sì ní kúrò títí n ó fi ya ẹnu kó rí i pé mo ti gbé e mì.

Wọ́n ran bẹ́líìtì líle kan fún mi tó gba ẹ̀yìn àti àyà, mo sì sùn gbalaja fún ìgbà pípẹ́, n kò sì lè mi ìka ẹsẹ̀ mi nígbà yẹn. Ìwẹ̀ di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo sunkún lórí ìyẹn ju lórí ìrora lọ. Nígbà tí ọyún náà ti ń gbẹ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan mì. Ìbùkún ló rí i, ó sáré lọ pe bàbá rẹ̀, gbogbo wa sì yí ẹsẹ̀ kan ká, a ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní eré sísá, mo wá ń kọ́ ara mi bí a ṣe ń dúró. Mo di irin tí wọ́n fi ń rìn mú, mo rìn láti ẹnu yàrá dé ìdí fèrèsé. Mo bú ara mi bí mo ṣe máa ń bú àwọn ọ̀lẹ lórí pápá, mo sì yin ara mi bí mo ṣe ń yìn wọ́n. N kò tijú láti sọ pé mo ṣiṣẹ́ ọ̀hún dáadáa. Mo ṣe é bí ẹni tó fẹ́ gba ife.

Ọ̀rọ̀ tíbì kò ṣeé fi pamọ́ ní ìlú kékeré. Kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ti gbọ́ pé àwọn kan ní kí wọ́n ya ife omi mi sọ́tọ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó dùn mí. Mo bẹ ọ̀gá ilé ìwé wa pé kó jẹ́ kí n bá gbogbo ilé ìwé sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bá wọlé. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Mo dúró níwájú wọn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ àti bẹ́líìtì lórí aṣọ mi, mi ò fi í sábẹ́ aṣọ. Mo ní, "Tíbì ló ṣe mí. Inú egungun ẹ̀yìn mi ló wà, kò ràn yín, kò sì lè ràn yín. Mo ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń lọ. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ẹnikẹ́ni nílé yín tí kò lọ, tí ó ń fọn, tí ó ń làágùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ sọ fún wọn pé Àǹtí Géèmù ní kí wọ́n lọ ya fótò."

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn eléré ìje mi wá nawọ́ sókè, ó bi mí bóyá mo ṣì máa kọ́ wọn. Mo ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni a máa bẹ̀rẹ̀. Orí àga ni mo jókòó sí lẹ́bàá pápá tí mo fi kọ́ wọn ní sáà náà. Ipò kejì ni wọ́n gbé nígbà tí ilé ìwé wa bá àwọn ilé ìwé míràn díje. Mo ti bá wọn wí lórí bí wọ́n ṣe gba igi, nítorí ipò kìíní tọ́ sí wa. Ní ti ife omi yẹn, ọ̀kan nínú àwọn tó ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ ló wá bá mi níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn náà nítorí àbúrò rẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn. Èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀bá ọ̀nà yẹn. Ti àbúrò rẹ̀ kì í ṣe tíbì, a sì dúpẹ́.

Nígbà tí mo parí oògùn, mo padà lọ ya fótò mìíràn níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi gun tábìlì. Obìnrin aláṣọ búlúù náà wò mí, kò kọ́kọ́ mọ̀ mí. Nígbà tó mọ̀ mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mí sínú. Dókítà gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Búlọ́ọ̀kù méjèèjì kò padà sí bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ti le koko, òjìji ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti lọ. Ìyá mi wò ó pẹ́. Ó bi dókítà bóyá wọ́n lè fún òun ní èyí tuntun kí òun mú un lọ sí Ìgbẹmọ. Wọ́n fún un. Mo gbọ́ pé ó ti gbé e dé ilé bàbá tó ń to egungun yẹn, ó ní òun fi hàn án kí ó lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ni wọ́n ń fà.

Bí mo ṣe wà nìyí: mo ń rìn, mo ń gun àtẹ̀gùn, mo ń ṣe iṣẹ́ mi. N kò lè sáré yí pápá ká mọ́, bí òtútù bá mú, ibi yẹn máa ń rán mi létí. Àárín ẹ̀yìn mi yọ síta díẹ̀, iké kékeré kan ni, ó sì máa hàn nínú aṣọ tó bá fún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé aṣọ tuntun lọ fún aránṣọ mi ní Òkè-Ìlá. Nígbà tó wọn ẹ̀yìn mi, ó fọwọ́ kàn án, ó wá rọra sọ pé òun lè fi fóòmù tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí ó má bàa hàn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má fi nǹkan kan sí i, kó tún téèpù rẹ̀ gbé, kó sì gé aṣọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn mi ṣe rí.